Àjèjì Tó Ń Fi Ojú Rẹ̀ Ríran

Rédíò ni wọ́n fi kéde ikú Bàbá. Kì í ṣe rédíò Ṣìkágò o. Rédíò Ṣìkágò kì í kéde òkú ẹni tí kò bá lókìkí. Rédíò ìlú kékeré kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Áílàndì ni, níbi tí wọ́n ti máa ń ka orúkọ gbogbo ẹni tó bá kú ládùúgbò láràárọ̀ lẹ́yìn ìròyìn. Èmi àti ìyá mi jókòó sí kíṣìnì wa ní Richton Park, lẹ́yìn ìlú Ṣìkágò, a gbé fóònù sáàárín tábìlì, a ń gbọ́ bí obìnrin òyìnbó kan ṣe ń fara balẹ̀ pe orúkọ bàbá àgbà mi: Alájì Múfútáù, ọmọ Ìwó, tó wa bọ́ọ̀sì ní ìlú wọn títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ka orúkọ àgbẹ̀ kan àti ti tíṣà kan. Máàmi fi ìborùn nu ojú, ó ní, "Inú Bàbá á dùn. Wọ́n ti ka òun náà mọ́ news."

Mi ò ní kọ ìtàn ayé Bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìwó, wọ́n á sọ ọ́ fún un, wọ́n á sì bù díẹ̀ lé e. Bàbá tí èmi mọ̀ ni Bàbá àlejò, èyí tó máa ń ti Áílàndì wá kí wa lọ́dọọdún, tó máa ń lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, tí yóò sì fi oṣù kan náà tú àṣírí Amẹ́ríkà fún àwa tí à ń gbé inú rẹ̀. Máàmi, Ràfíátù, ni ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló sì ni ilé tí à ń gbé. Èmi ni ọmọ tí Bàbá ń pè ní Àdùkẹ́. Ilé ìwòsàn ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Bàbá kọ̀ láti dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré mi, òun ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí Yorùbá tí mo ń kọ yìí bá dán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti dé, tó kírun, tó jẹun, rìmóòtù ló kàn. Á yí i láti ìkànnì kan sí òmíràn, á sì máa bínú sí gbogbo wọn bákan náà. Níbì kan, èèyàn mẹ́fà á jókòó yíká tábìlì, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ pọ̀. Níbòmíràn, wọ́n á kọ ọ́ ní pupa sísàlẹ̀ pé nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ohun pupa náà á sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé àṣálẹ́. Bàbá á jókòó tì í pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ gan-an. Nígbà tó bá yá, á yíjú sí mi.

"Àdùkẹ́, ta ló kú ní Richton Park lónìí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ta ló bímọ? Títì wo ni wọ́n ń tún ṣe?"

Mo tún ní mi ò mọ̀. Bàbá á wá pa tẹlifíṣọ̀n. "Ìròyìn tí kò mọ ẹni tó kú ládùúgbò," á ní, "ariwo lásán ni."

Ó dúdú bí kóró iṣin, ìwé ìrìnnà Áílàndì ló sì ń lò. Ìyẹn nìkan tó wàhálà. Ní pápákọ̀ òfúrufú Dublin lọ́hùn-ún ni àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti máa ń yẹ ìwé wò kí èèyàn tó wọ bàálù, nítorí náà Bàbá kì í tíì kúrò nílé tí Amẹ́ríkà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fa ọ̀rọ̀. Lọ́dún kan, òṣìṣẹ́ kan wo ìwé rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó bi í pé ibo ló ti wá gan-an. Bàbá ní, "Èwo lẹ fẹ́ nínú méjì, ibi tí wọ́n ti bí mi, tàbí ibi tí mo ti ń san owó iná?" Wọ́n ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá obìnrin arúgbó tó jókòó níbẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi ní kó máa lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ obìnrin náà.

Kíkí èèyàn ni ìjà tó pọ̀ jù láàárín òun àti Máàmi. Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i kú iṣẹ́, àwọn ará Áílàndì náà kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láìdúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Bàbá wá pa méjèèjì pọ̀, ó gbé e wá sí Ṣìkágò. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sáàárín ìlú láàárọ̀, Bàbá á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Good morning, everybody." Kò sẹ́ni tí yóò gbójú sókè lórí fóònù. Á dúró títí ẹnìkan á fi dáhùn, ojú á sì ti onítọ̀hún ju Bàbá lọ. "Well done" ló máa ń kí ẹni tó ń já ìwé ọkọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀, àwọn tó ń dí kòtò ojú títì, ẹni tó ń pín lẹ́tà. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní àárín ìlú, á ní dandan kí a rìn lọ síwájú pátápátá, kí òun lè juwọ́ sí awakọ̀ ọkọ̀ náà.

"Bàbá, America nìyí," Máàmi ní. "Wọn kì í greet èèyàn báyẹn. Wọ́n á rò pé nǹkan ń ṣe yín."

"Ṣé wọ́n fòfin dè é ni?"

"Wọn ò fòfin dè é."

"Ẹni tó gbé ọ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò lè gbé ọ dé, o ní kí n kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òkúta?"

Nígbà tó fi di ọdún kẹta, òṣìṣẹ́ tó ń já ìwé nínú ọkọ̀ náà ti ń pè é ní Mista Ireland. Bí èmi nìkan bá wọ ọkọ̀, á bi mí pé ìgbà wo ni Mista Ireland ń bọ̀. Ẹ sọ fún mi, lára àwọn tó ń wọ ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́ láti ogún ọdún, ta ni wọ́n ń béèrè bẹ́ẹ̀?

Ní ti òṣèlú, Bàbá kò lè dìbò níbí, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́ rárá. Ó máa ń rìn yípo àdúgbò ní àkókò ìbò, á máa ka pátákó tí àwọn èèyàn rì mọ́ iwájú ilé wọn. Ó ní ní Áílàndì, olóṣèlú fúnra rẹ̀ ló ń wá kan ilẹ̀kùn èèyàn, wàá mú un lọ́wọ́ lọ síbi tí kòtò wà lójú títì, wàá ní kó wò ó. Ó ní wọ́n tún máa ń kọ nọ́ńbà sí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣìkejì àti ṣìkẹta, lórí ìwé ìbò, torí pé ọkàn èèyàn kì í sábà wà níbì kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin ní tiyín, ẹgbẹ́ méjì péré lẹ ní," ó ní, "ẹ sì ń bá ara yín jà bí orogún méjì tí ọkọ wọn ò sí nílé."

Máàmi ò fẹ́ràn kó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Ó ní ìdáhùn kan tó máa ń fún un, èmi àti Bàbá sì mọ̀ ọ́n kó tó ya ẹnu. "Bàbá, àlejò lẹ jẹ́. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran."

"Tèmi ríran," Bàbá á ní. "Èérí ti mọ́ ojú onílé lára. Ojú àjèjì ló ṣì ń rí i."

Mo gbọ́dọ̀ mú Àǹtí Sìkírá wọlé báyìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kì í ṣe ẹbí wa. Mọ́ṣáláṣí ni òun àti Máàmi ti pàdé ara wọn. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn ní Calumet City, á wẹ̀ wọ́n, á fún wọn lóògùn, á sì máa kọrin Ìlọrin sí wọn létí. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti parí, tuntun tó béèrè fún kò sì tíì jáde. Nígbà tí onílé tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lé e, Máàmi fún un ní yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Láti ìgbà náà ló ti ń po ògì fún Bàbá láràárọ̀ tó bá wá, tí Bàbá sì ń pe ìyẹn ní ìdí kejì tí òun fi ń wá sí Amẹ́ríkà.

Ìgbà ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, gbogbo wa lọ jẹun nílé Bọ̀ọ̀dá Wàhábù ní Naperville. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, dókítà ni, ilé rẹ̀ tóbi tó èyí tí èèyàn lè sọnù nínú rẹ̀. Kò mọ ọ̀rọ̀ ìwé Àǹtí Sìkírá. Bí a ṣe ń jẹun, ọ̀rọ̀ kan àwọn tí ìjọba ń kó nítorí ìwé ìgbélùú, Bọ̀ọ̀dá Wàhábù sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Law is law," ó ní. "Èmi dúró lórí line, mo san owó lawyer. Ẹni tí paper rẹ̀ bá ti expire, kó go home. Simple."

Ọwọ́ Àǹtí Sìkírá dúró lórí ìrẹsì tó ń bù fún mi. Máàmi wo ilẹ̀. Bàbá nu ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Wàhábù, nígbà tí o wá kí mi ní Áílàndì, ṣé o rántí iye oṣù tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ?"

"Bàbá, ìyẹn yàtọ̀."

"Mo bi ọ́ pé ṣé o rántí?"

Bọ̀ọ̀dá Wàhábù tún gbé ṣíbí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tuntun nípa ọkọ rẹ̀. Bàbá ní òun ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni láti ọdún yẹn, òun ò sì ní sọ iye oṣù tó fi lé e lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún nínú òjò kì í wọlé tán kó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí Bọ̀ọ̀dá Wàhábù. A wa mọ́tò padà sí Richton Park láìmu tíì, Bàbá sì sùn lọ́nà bí ọmọ ọwọ́, bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán.

Ọdún yẹn náà ni Bàbá yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Oṣù mẹ́ta ni òfin gbà fún irú ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó sì ní òun á lò ó tán. Ojú ọjọ́ ti ń tutù. Àwọn ọkùnrin tí ìjọba rán láti mú àwọn tí kò níwèé, tí wọ́n ń bo ojú, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ tí kò ní àmì kiri àwọn àdúgbò, wọ́n ń mú èèyàn ní ibùdókọ̀, ní ibi iṣẹ́, níwájú ilé ìwé. Ẹ̀rù bà wá. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà wá gan-an. Máàmi fa kọ́tìnì gbogbo fèrèsé. Ó ní kí Àǹtí Sìkírá má lọ sí Jímọ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn. Ó wá yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́ ìkíni yẹn for now. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wo ilé wa."

Bàbá ní òun ti gbọ́. Mo rò pé ó ti gbà.

"Ràfíà," ó ní, "mo ti darúgbó jù láti máa yọ́ rìn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó dìde, ó wọ súwẹ́tà lé bùbá, ó gbé àga oníke funfun kan jáde, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn ilé wa, ó jókòó lé e. Láti ọjọ́ náà, bí Àǹtí Sìkírá bá ti ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, Bàbá á jáde lọ sórí àga yẹn, á wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kí. Màmá adúláwọ̀ tó ń gbé òdìkejì títì wò ó fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni òun náà gbé àga tirẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó méjì ṣe ń ṣọ́ òpópónà wa, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún, wọ́n ń pariwo sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sí ara wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n dé. Mo wà nílé nítorí pé mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àǹtí Sìkírá wà ní kíṣìnì, ó pa iná sítóòfù, ó sì dúró sójú kan. Máàmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fi ìka ya kọ́tìnì díẹ̀. Ọkùnrin méjì ni, wọ́n bo ojú, wọ́n dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Good afternoon," Bàbá ní.

Mo dúró de ìyókù. Bàbá tó máa ń kí ẹni tó ń kó ilẹ̀ kú iṣẹ́, tó ń kí awakọ̀ tí kò rí i kú iṣẹ́, kò kí àwọn yìí kú iṣẹ́. Ó pa ẹnu mọ́ lórí "good afternoon," ó sì wò wọ́n. Èmi tó mọ̀ ọ́n mọ bí èébú yẹn ti tó.

Wọn ò dáhùn. Ọ̀kan gbé fóònù sókè, ó fi àwòrán obìnrin kan hàn án, ó bi í pé ṣé ó ń gbé níbí.

Bàbá fara balẹ̀ wo àwòrán náà. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó jẹ́ ti Ìwó lápá kan, ti Áílàndì lápá kejì, dá wọn lóhùn. Ó ní, "Àlejò ni mí nílé yìí. Àwọn baba wa máa ń sọ pé àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mi ò rí nǹkan kan láti ọjọ́ tí mo ti dé."

Wọ́n ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. Ó mú un jáde nínú àpò súwẹ́tà, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ọ̀kan bi í pé ibo ló ti wá gan-an. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè yẹn, òun ti dáhùn rẹ̀ ní Dublin. Wọ́n ní kó ṣílẹ̀kùn. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n mú ìwé àṣẹ adájọ́ wá. Wọn ò mú un wá. Ó ní, "Àlejò kì í ṣílẹ̀kùn ilé onílé fún àlejò," ó sì fẹ̀yìn ti àga rẹ̀. Ní òdìkejì títì, màmá yẹn ti dìde dúró, ó ń fi fóònù rẹ̀ ya wọ́n. Wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Bí Bàbá ṣe wọlé, Máàmi dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ẹnu tú gbogbo Amẹ́ríkà palẹ̀," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ò rí nǹkan kan?"

"Ìwọ lo kọ́ mi," Bàbá dáhùn. "Àtọdúnmọ́dún lo ti ń sọ ọ́ fún mi, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe àfi òní." Ó wá ké sí Àǹtí Sìkírá pé ògì òun ńkọ́.

Ó padà sí Áílàndì kí oṣù mẹ́ta rẹ̀ tó pé. Kò tíì tó oṣù mẹ́ta mìíràn tí ọkàn rẹ̀ fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí ẹní ìkírun, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú, nítorí náà fóònù la fi wo bí wọ́n ṣe sìn ín. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró nínú òjò, Kristẹni ni gbogbo wọn, wọ́n ṣí fìlà. Inú mi bàjẹ́, inú sì bí mi, nítorí Àǹtí Sìkírá, tó po ògì fún un, kò lè lọ dágbére fún un níbi sàréè rẹ̀, kó sì rí ọ̀nà padà wọlé. Ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí a ṣe àdúà fún un nílé wa, Bọ̀ọ̀dá Wàhábù wá láti Naperville. Ó jókòó ti Àǹtí Sìkírá, ó fi nọ́ńbà lọ́yà rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kò sì sọ̀rọ̀ òfin kankan.

Máàmi kọ̀ kí a gbé àga oníke náà wọlé. Yìnyín bò ó, yìnyín yọ́ lórí rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ní ìparí òtútù, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé. Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó bo ojú. Èmi lọ sídìí fèrèsé. Àǹtí Sìkírá jáde ní kíṣìnì, ó wá dúró tì mí, kò sá lọ sísàlẹ̀. Máàmi ti ń so ìborùn rẹ̀. Kí n tó sọ pé kó má jáde, ó ti jáde, ó ti fa ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá omi kúrò lórí àga Bàbá, ó jókòó.

Ọkùnrin náà bi í pé bàbá arúgbó tó máa ń jókòó síbí ńkọ́.

"Ó ti relé," Máàmi ní.

Ọkùnrin náà tún bi í pé, "Ṣé àlejò ni ìwọ náà ni?"

Máàmi wò ó látòkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ketekete, kí àwa tó wà nínú ilé lè gbọ́, kó tó fi Gẹ̀ẹ́sì tún un sọ fún ọkùnrin náà.

"Rárá o. Ojú tèmi ríran dáadáa, mo sì rí i pé o ò tíì kí mi. Èmi ni onílé. Onílé kì í fi àlejò rẹ̀ tọrẹ."